Bí Ẹ Ṣe Lè Wọṣẹ́ Sólà n'Ìbàdàn Láìfi Owó Ṣòfò

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọṣẹ́ sólà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìbéèrè yìí kì í wọlé sórí fóònù mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Poly béèrè, ẹni tó ń gun ọ̀kadà ní Ìwó Road béèrè, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági náà béèrè nítorí ọmọ rẹ̀. Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ní ka ìyókù, ẹ gbọ́ èyí: ẹ má tíì san owó fún ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀gá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mítà tí a fi ń wọn iná, ìwé ẹ̀rí ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ìwé ẹ̀rí ṣáájú ni ẹ máa rí tó ní mẹ́rin lára ògiri, tí kò sì lè sọ ohun tó pa bátìrì oníbàárà.

Iṣẹ́ wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí owó iná àwọn ará Band A sì fò sókè dé ₦225 fún yúníìtì kan ní April 2024, ẹni tó ń ta omi tútù ní Mọ́kọ́lá ò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù sólà fún òun mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ò tó.

Èwo gan-an lẹ fẹ́ ṣe?

Bí èèyàn bá ti gbọ́ sólà, òrùlé nìkan ló ń rí. Ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ:

- Fífi í sílé: títẹ́ irin, gbígbé pánẹ́ẹ̀lì gòkè, fífa wáyà. Ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí jù.
- Àtúnṣe àti àbójútó: wíwá ohun tó bàjẹ́, yíyí bátìrì padà, títún iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe.
- Títà: ilé iṣẹ́ bíi Sun King ń ta sólà kéékèèké ní díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ àwọn aṣojú tó ń rìn kiri. Kò gba ìmọ̀ iná púpọ̀, ó gba ẹsẹ̀ àti ẹnu tí kì í purọ́.
- Ìṣirò àti àwòrán: ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo PVsyst, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò sólà, lè jókòó sí Àkóbọ̀ kó máa ya iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó wà l'Ékòó.
- Iṣẹ́ ìwé: ẹni tó ka ètò ọrọ̀ ajé tàbí òfin lè lọ gba oyè kejì ní CPEEL ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti òfin epo àti agbára iná.

Bí ẹ bá bi mí, àtúnṣe ni mo máa ní kí ẹ fojú sí. Ọ̀pọ̀ sólà tí wọ́n sáré gbé sílé nígbà tí epo wọ́n ló ti ń dákú báyìí. Onílé tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ lówó kì í ná ọjà pẹ́ pẹ̀lú ẹni tó bá gbé mítà, tó wá ibi tó bàjẹ́ rí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ ò lè tún ohun tí ẹ ò fi sílé rí ṣe, nítorí náà òrùlé náà lẹ máa gbà kọjá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka wáàtì ilé yín

Ìwé àti bírò nìkan ló ń ná yín.

1. Ẹ wọ yàrá kan lẹ́yìn ìkejì, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná sílẹ̀.
2. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún wáàtì. Bó bá jẹ́ ámpíà ni wọ́n kọ, ẹ fi fóltéèjì sọ ọ́ di púpọ̀: 0.5A ní 230V jẹ́ 115W.
3. Ẹ kọ wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, kí ẹ fi sọ wáàtì di púpọ̀.
4. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ilé kan tí mo kà ní Àpáta rèé:

- Gílóòbù 6, 10W, wákàtí 5: 300
- Fáànù 2, 70W, wákàtí 8: 1,120
- Tẹlifíṣọ̀n 1, 80W, wákàtí 5: 400
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká 1, 60W, wákàtí 4: 240
- Fíríìjì kékeré 1: bíi 1,000

Ó jẹ́ 3,060 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Oòrùn tó lágbára dáadáa n'Ìbàdàn máa ń tó bíi wákàtí 4 sí 5 lóòjọ́, ẹ jẹ́ ká mú 4.5. Ẹ fi pín 3,060, ẹ rí 680W. Ṣùgbọ́n eruku, ooru àti wáyà máa jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún fi 0.75 pín in, ó di nǹkan bíi 907W. Pánẹ́ẹ̀lì 550W méjì, ìyẹn 1,100W, gbé e. Ní oṣù August tí ojú ọjọ́ ń ṣú, yóò gbé e tìpá-tìkúùkù, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún onílé kó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bátìrì wá ńkọ́? Ẹ fi fóltéèjì sọ Ah tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di púpọ̀: lithium 51.2V, 100Ah ní 5,120 wáàtì-wákàtí nínú. Bí a bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó ṣì ju ohun tí ilé yìí ń fẹ́ lọ. Bátìrì olómi tubular 12V, 220Ah kan ní 2,640, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ ká máa lò bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,320. Mẹ́ta ìbá gbé ilé náà, àmọ́ ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) tó jẹ́ 24V kì í gba bátìrì 12V àfi ní méjì-méjì, nítorí náà mẹ́rin lẹ máa rà. Bí ẹ bá lè ṣàlàyé èyí fún ìyá yín nílé tó sì yé wọn, ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sólà.

Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe: wọ́n á mú wáàtì ẹ̀yìn fíríìjì, wọ́n á fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀rọ fíríìjì máa ń sinmi. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, ẹ ka mítà alásansílẹ̀ yín, ẹ tún un kà lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ohun tí fíríìjì jẹ.

Ẹ ṣe é fún ilé márùn-ún: tiyín, ti ẹ̀gbọ́n yín, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ilé ìtajà oògùn, àti ilé ìjọsìn kan. Ẹ má sọ ìwé náà nù, ẹ máa lò ó ní Ìgbésẹ̀ 3.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ iná kí ẹ tó mọ sólà

Ẹ rántí tọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́. Ẹ to bátìrì méjì léra, 1.5V àti 1.5V di 3V. Bí a ṣe ń so pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀léra wọn nìyẹn: fóltéèjì ló ń pọ̀ sí i. Bí a bá wá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, rere sí rere, òdì sí òdì, ámpíà ló ń pọ̀, fóltéèjì dúró síbi tó wà.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó olówó ń jóná sí. Pánẹ́ẹ̀lì 550W kan máa ń fi bíi 50V hàn lórí mítà nígbà tí a ò tíì so nǹkan mọ́ ọn. Mẹ́ta tẹ̀léra wọn ti di 150V. Bí wọ́n bá kọ 145V sára ínfátà gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tó lè gbà, ẹ ti pa á kí onílé tó tan gílóòbù kan. Ẹ ka ara ínfátà kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè wo ẹ̀kọ́ Solar Energy ti TU Delft, yunifásítì kan ní Netherlands, lórí edX, iléèwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsanwó, bí kò bá ṣáà ti gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ náà le. Bí ẹ bá dé ibi tó ti ń sọ bí nǹkan ṣe rí nínú sílíkọ́ọ̀nù, ohun tí wọ́n fi ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì, tí orí sì ń fọ́ yín, ẹ fò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ọ̀gá

Ẹ má béèrè pé "ta ló mọ sólà ṣe?" Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́nu. Ẹ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan iná ní Ògùnpa, Dùgbẹ̀ tàbí agbègbè Queen Cinema, kí ẹ kí ọlọ́jà dáadáa, kí ẹ sì bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa ń ra lọ́ọ̀gì lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Lọ́ọ̀gì ni orí kọ́pà kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà bátìrì. Ẹni tó bá ń ra á ní ogún-ogún, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tó ń fi ọwọ́ lọ́ wáyà mọ́ bátìrì. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ti mọ nǹkan méjì.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí ayé ṣe le. Ẹ sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti ka wáàtì ilé márùn-ún, ìwé rèé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé irinṣẹ́ fún oṣù kan. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fún mi." Ọ̀gá tó bá gba ìwé yẹn, tó kà á, tó sì fi bírò gún ibi tí ẹ ti ṣì í, ẹ má fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn kedere:

- Oṣù mélòó, èló, ṣé ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀?
- Èló ni fírídọ̀mù máa jẹ? Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tó ti parí láti ọdún kan, àmọ́ owó ọtí, mínírà àti àga tí wọ́n kà fún un ò jẹ́ kó lè dá dúró.
- Ta ló máa san owó ìwòsàn bí ẹ bá jábọ́ lórí òrùlé?
- Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan mítà, àbí pánẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ máa máa rù?

Ẹ sá fún ọ̀gá tí kò ní mítà tó ń ka iná DC, irú iná tó ń jáde lára pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, àti ọ̀gá tó bá ní "earth ò pọn dandan," ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Irinṣẹ́, bó ṣe yẹ kí ẹ rà á tẹ̀léra

1. Mítà ajánu, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń gbá wáyà mú. Ẹ ṣọ́ra: púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà, AC, ìyẹn irú iná tó wà lára wáyà ilé, nìkan ni ẹnu wọn lè kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà A, ẹ wá àmì ìlà gbọọrọ kan tí ìlà kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kò lè sọ ohun tó ń jáde nínú bátìrì fún yín.
2. Ẹ̀mú àti síkùrùdíráfà tí rọ́bà bo ọwọ́ wọn.
3. Ohun ìtẹ̀ lọ́ọ̀gì, àti ti MC4, ìyẹn ẹnu wáyà pánẹ́ẹ̀lì.
4. Bẹ́líìtì ààbò àti okùn. Àwọn kan á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Dírílì lè dúró. Ẹ yá a.

Ìgbésẹ̀ 5: Lórí òrùlé

Òrùlé Ìbàdàn ò rí bákan náà. Ní Bẹẹrẹ àti Òjé, páànù tó ti dípẹtà ló pọ̀, igi abẹ́ rẹ̀ sì lè ti di oúnjẹ ikán. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú àjà, kí ẹ fi síkùrùdíráfà gún igi náà. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má gun òrùlé yẹn, ká má tíì sọ pé ẹ ń gbé pánẹ́ẹ̀lì tó wúwo lé e. Ẹ sọ fún onílé pé irin la máa rì sílẹ̀ lágbàlá, a ó sì gbé e sórí rẹ̀. Ó wọ́n ju ti òrùlé lọ díẹ̀, àmọ́ fífọ̀ rẹ̀ rọrùn.

Bó bá ṣeé gùn, orí ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà.

Ibo ni pánẹ́ẹ̀lì máa kọjú sí? Gúúsù. Ẹ na ọwọ́ òsì sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibi tí ojú yín kọ sí ni gúúsù. Ẹ dà á síwájú bíi ìwọ̀n dígírì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo òjìji igi máńgòrò àti ti táǹkì omi ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Òjìji kékeré lórí pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo àwọn tí ẹ so tẹ̀léra wọn sẹ́yìn.

Àṣìṣe tó ń sun ilé:

- Brékà AC lórí wáyà DC.
- Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín bátìrì àti ínfátà.
- Bátìrì tuntun tí wọ́n so mọ́ ògbólógbòó.
- Bátìrì olómi nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Bó bá ń gba iná, gáàsì tó lè gbiná ń jáde lára rẹ̀.
- Lọ́ọ̀gì tí wọn ò tẹ̀ le. Ẹ padà lọ lẹ́yìn oṣù kan láti tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, èmi gan-an ti ṣe é rí. Òkè-Àdó ni, mo ti lo ọdún kan àti díẹ̀ nídìí iṣẹ́, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Brékà DC tán lọ́wọ́ wa, mo bá yọ brékà ilé lásán jáde nínú àpò, mo fi í sórí wáyà pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn méjèèjì jọra wọn bí ìbejì. Ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn mú ganrín-ganrín, mo fẹ́ pa á láti tún nǹkan kan ṣe. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo gbọ́ "ṣììììì", iná aláwọ̀ búlúù ń jó nínú ihò brékà, kò sì dẹ́kun. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo pálọ̀. Ọ̀gá mi sáré gòkè lọ da aṣọ bo pánẹ́ẹ̀lì kí iná náà tó kú. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ò pariwo, wọ́n kàn ní, "Ilé onílé lo fẹ́ sun yìí o." Èmi ni mo san owó àpótí brékà náà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Iná AC máa ń yí padà, ó ń dé òdo ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni brékà ti ń rí àyè já a. Iná DC ò dé òdo rárá. Bó bá ti fò láti irin kan sí èkejì, yóò máa jó lọ. Ẹ wá DC lára brékà, ẹ sì wo bóyá fóltéèjì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju ti pánẹ́ẹ̀lì yín lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ tan án nígbà àkọ́kọ́, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so, kí pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi mítà wo rere àti òdì ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé, nígbà tí ọwọ́ ti mọ iṣẹ́

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá: ẹ lọ ṣe Trade Test ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́, tàbí ìdánwò NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. NBTE, àjọ tó ń bójú tó àwọn Poly, náà ní ìwé ẹ̀rí NSQ, tó ń dán ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe wò. Bí ẹ bá ti fẹ́ máa gba iṣẹ́ ńlá lórúkọ ara yín, ẹ wádìí ti NEMSA, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná níwèé àṣẹ. Ẹni tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì tàbí Poly, COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ni tiyín.

Kíláàsì ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Bí wọn ò bá ní jẹ́ kí ẹ tẹ lọ́ọ̀gì kan fúnra yín, fọ́tò àti ìrẹsì lẹ rà.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Poly, ẹ má fi SIWES, àkókò tí iléèwé ní kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ níta, ṣòfò sí ọ́fíìsì tí ẹ ó ti máa ra búrẹ́dì fún ọ̀gá. Ẹ lò ó nílé iṣẹ́ sólà.

Ẹ kó fáìlì iṣẹ́ jọ. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sínú rẹ̀:

- Fọ́tò òrùlé kí ẹ tó débẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ parí.
- Fọ́tò inú àpótí brékà, níbi tí wáyà ti hàn. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í wo pánẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló ń wò.
- Ìṣirò wáàtì ilé náà.
- Ohun kan tó bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe wá a rí.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ hàn.

Bí ẹ bá lè fi ìlú sílẹ̀, ẹ máa wo àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé sólà lọ sí abúlé. Ní December 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún ètò DARES, tó ń ran àwọn tó ń kọ́ ibùdó iná sólà sí abúlé lọ́wọ́, tí REA, àjọ ìjọba tó ń mú iná dé ìgbèríko, ń bójú tó. Irú ibùdó iná abúlé bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa gbé nítòsí, tó máa bójú tó ẹ̀rọ, tó sì máa gbowó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú ò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ lè gbé abúlé, tí ẹ sì gbọ́ èdè ibẹ̀, ẹ ò ní rí ẹni púpọ̀ bá yín du ipò náà.

Bí owó ò bá sí rárá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífọ pánẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́. Láti December sí February, eruku á bò ó, iná á dín kù, onílé á rò pé bátìrì ló ti bàjẹ́. Kànǹkàn rírọ̀, omi mímọ́ àti ọ̀pá gígùn ti tó. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má da omi tútù sórí dígí tí oòrùn ti yan, ó lè sán. Ẹ má lo irin ìfọ̀kòkò, ẹ má sì dúró lórí pánẹ́ẹ̀lì láéláé.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò wáàtì tó wà lójú ínfátà. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà tí oòrùn bá mú bákan náà, ẹ tún un yà. Ẹ fi méjèèjì han onílé. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ wo ẹnu wáyà bátìrì, ṣé ó ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ṣé rọ́bà rẹ̀ ti dúdú. Ẹ má fọwọ́ kàn án bí ọ̀gá yín ò bá sí níbẹ̀. Ẹ kàn ya fọ́tò rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ padà wá ṣe é.